Fífi Ẹ̀rọ Pín Ọ̀rọ̀ Aṣínà fún Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí dá lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kì í fojú rí, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò kàn. Iṣẹ́ náà ni ti ṣíṣí àkáǹtì fún àwọn ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wọn jọ ń lò, àti fífún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò máa fi wọlé. Nígbà kan rí, ọwọ́ ni a fi ń ṣe é, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni a ń pàṣẹ fún kí ó ṣe é. Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín nìyí: nígbà tí ẹ̀rọ bá rọ kọ́kọ́rọ́ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ náà wà ní tòótọ́?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní sáfà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó dà bí agbo-ilé ńlá tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí yàrá inú rẹ̀ pọ̀. Àkáǹtì ni yàrá tí a fún ènìyàn nínú agbo-ilé náà: orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, ẹrù rẹ̀ sì wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní páásíwọọ̀dù, ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.

Ṣùgbọ́n àkáǹtì tún ju yàrá lọ. Ohunkóhun tí a bá ṣe láti inú rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ni ín ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ pé ó ṣe é. Bí ẹnì kan bá ti inú àkáǹtì olùkọ́ yí máàkì ìdánwò padà, ẹ̀rọ kò mọ ojú, kò sì mọ ohùn. Orúkọ ni ó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ lọ́wọ́ kò mú ẹrù rẹ nìkan. Orúkọ rẹ ni ó mú. Àwa tí a máa ń sọ pé ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kò dárúkọ ṣe àpẹẹrẹ. Kí á ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun 2,000 ni ó wọlé lọ́dún kan, tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sì wà nídìí sáfà. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 3 péré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 6,000 ni yóò lò, èyí tí í ṣe wákàtí 100. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, tí kò gbórí sókè, ọjọ́ iṣẹ́ 12 àti ààbọ̀ ni yóò gbà á. Kí ó tó parí rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Yóò fo orúkọ ẹnì kan, yóò kọ ti ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fi àkáǹtì Adébáyọ̀ fún Adébísí. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ àṣẹ rẹ̀ dáadáa, yóò ṣe gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní rẹ̀ ẹ́, kò sì ní fo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ìtìjú nínú pé kí á gbé iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ẹ̀rọ fún ẹ̀rọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Lórí àwọn sáfà tí ń lo Linux, tí wọ́n wọ́pọ̀ púpọ̀ káàkiri ayé, ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀ka ìforúkọsílẹ̀ yóò kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú fáìlì kan, ẹnì kan lórí ìlà kan. Òṣìṣẹ́ yóò wá kọ àkójọ àṣẹ tí yóò máa ka fáìlì náà ní ìlà-ìlà. Bí ó bá ti dé orí ìlà kan, àṣẹ tí ń jẹ́ useradd yóò ṣí àkáǹtì fún orúkọ tí ó bá níbẹ̀. Yóò fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí a bá sì pa á láṣẹ, yóò la àyè sílẹ̀ fún un tí yóò máa kó ìwé rẹ̀ sí. Àṣẹ mìíràn, tí ń jẹ́ chpasswd, yóò gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, yóò sì fi wọ́n síbi tí ó yẹ. Òmíràn tún wà, newusers, tí ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Gbogbo èyí kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí ọ̀rọ̀ aṣínà náà ti ń jáde wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí òṣìṣẹ́ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ó kọ ọ́ sínú àkójọ àṣẹ rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì máa fi wọlé ní ọjọ́ kìíní. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà láti ara ohun tí a ti mọ̀ nípa onítọ̀hún: orúkọ ìdílé rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ̀rọ máa ṣa lẹ́tà àti nọ́ńbà bí ẹni tí ó di ojú, tí ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú igbá, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó bá jáde kò ní ní ìtumọ̀ rárá. Kí á tó lè mọ èyí tí ó yẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yẹ kí á mọ ohun tí ojú àwọn tí ó ṣáájú wa ti rí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ètò rẹ̀ ni CTSS. Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì kọ́kọ́ fi han àwọn ènìyàn ní 1961. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lo ẹ̀rọ kan, wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹnì kan má baà wọ inú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì kan, bí a ti pè é gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, rí i pé wákàtí tí a pín fún òun kò tó iṣẹ́ òun. Ó fi káàdì tí a lu ihò sí bèèrè pé kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì náà sórí bébà fún òun. Ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ẹlòmíràn wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́.

Lórí ẹ̀rọ kan náà, ní àwọn ọdún 1960 yẹn, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ń tún fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe. Èkejì rẹ̀ ń kọ ìkíni tí gbogbo ènìyàn máa ń rí bí wọ́n bá ti wọlé. Fáìlì méjèèjì pààrọ̀ ipò nínú ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé nígbà náà, dípò ìkíni, ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn ni ó ń rí lójú rẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀, kò sì sí ọ̀tá. Àkójọ àṣírí tí a kó síbì kan ní gbangba ni ó fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báwọ̀nyí ni ó kọ́ àwọn onímọ̀ pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà bí ó ti rí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti dé ìdí ọlọ rí. Bí a bá lọ ata, kò sí ẹni tí ó lè kó o padà di odidi. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń fi ìṣirò lọ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí a lọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń tọ́jú. Nígbà tí o bá wá wọlé, ẹ̀rọ yóò lọ ohun tí o sọ, yóò sì fi í wé ti inú ìkòkò. Bí méjèèjì bá bá ara wọn mu, ó di wọlé. Ken Thompson àti Robert Morris, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Laboratories tí a ti ṣẹ̀dá Unix, tún fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ gan-an ni wọ́n pè é. Wọ́n ń bu nọ́ńbà kékeré kan sínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, oríṣi iyọ̀ náà sì jẹ́ 4,096. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn méjì bá tilẹ̀ yan ọ̀rọ̀ kan náà, àfàìmọ̀ kí ohun tí yóò wà nínú ìkòkò wọn má yàtọ̀ síra.

Àwọn ọkùnrin méjì yìí tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1979. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ aṣínà 3,289 jọ tí àwọn ènìyàn yàn fúnra wọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn jẹ́ lẹ́tà tàbí àmì kan ṣoṣo. 72 jẹ́ méjì. 464 jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo èyí tí ó kúrú jù, tàbí tí ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè àti àkójọ orúkọ, ó jẹ́ 2,831, èyí tí í ṣe 86 nínú 100. Ohun tí yóò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èyí ni pé, bí ènìyàn kò bá mọ ọ̀rọ̀ yàn, kí ẹ̀rọ máa yàn án fún wọn.

Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ó tún wà nínú àbọ̀ ìwádìí náà. Ibì kan wà tí àwọn alábòójútó ti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó ní ẹyọ 8, tí ó jẹ́ àdàpọ̀ lẹ́tà 26 àti nọ́ńbà 10, kí ó sì pín wọn fún àwọn olùlò. Bí a bá ṣírò oríṣi ọ̀rọ̀ tí ó lè ti inú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ó lé ní 2,800,000,000,000. Lórí ẹ̀rọ ìgbà náà, ọdún 112 ni yóò gba ẹni tí ó bá fẹ́ dán gbogbo wọn wò. Ta ni kò ní fi ọkàn balẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ẹni tí ó di ojú ṣa ẹ̀wà. Ìṣirò ni ó ń tẹ̀ lé, ìṣirò tí wọ́n lò sì jẹ́ èyí tí kò lè mú ju ọ̀rọ̀ 32,768 jáde. Ẹnì kan tí ó mọ ìṣirò náà ṣẹ̀dá gbogbo 32,768, ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ ti pín. Àkókò tí ó gbà á lórí ẹ̀rọ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọdún 112 di ìṣẹ́jú kan! Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí ó bá wo àwọn ọ̀rọ̀ náà lórí bébà yóò sọ pé wọ́n dijú, pé kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ wọ́n. Ojú kò lè mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lágbára yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ní ìrísí agbára. Orísun rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ bèèrè.

Bí ọ̀nà kẹta bá lè já ènìyàn kulẹ̀ báyìí, kí ni kí á wá sọ nípa ọ̀nà kìíní àti ọ̀nà kejì? Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1988, ètò kan tí ń rìn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ da íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà rú. Robert Tappan Morris ni ó kọ ọ́, ọmọ Robert Morris tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ètò náà fi ń wọlé ni pé ó ń dán orúkọ ẹni tí ó ni àkáǹtì wò bí ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ń da orúkọ náà kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó sì tún ní àkójọ ọ̀rọ̀ 432 tí ó ń dán wò. Èyí ni ti ọ̀nà kejì, orúkọ ènìyàn tí a sọ di kọ́kọ́rọ́.

Ní ti ọ̀nà kìíní, ẹ rántí ọdún 2016. Ètò kan tí ń jẹ́ Mirai gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lo oògùn, kò sì lo ọgbọ́n ìjìnlẹ̀. Àkójọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lé díẹ̀ ní 60 ni ó mú lọ́wọ́, àwọn tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ti fi sínú gbogbo wọn bákan náà, tí àwọn tí ó rà wọ́n kò sì yí padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, a fi àwọn ẹ̀rọ tí a gbà báyìí kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò sì rí Twitter àti Netflix lò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2020, ìpínlẹ̀ California kò fẹ́ kí ẹ̀rọ irú èyí tí a bá tà níbẹ̀ máa jọ lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, àyàfi bí ẹ̀rọ bá fi dandan mú olùlò yí i padà kí ó tó lò ó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi irú òfin bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2024.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun 2,000. Bí a bá ní kí olúkúlùkù fi orúkọ ìdílé rẹ̀ wọlé, gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ tí olùkọ́ ń pe orúkọ ní kíláàsì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà wọ̀nyí tẹ̀ léra. Ẹni tí ó mọ tirẹ̀ ti mọ ti ẹni tí ó ṣáájú àti ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ilẹ̀kùn ni yóò ṣí i, ẹni tí ó ni yàrá lè má tí ì kúrò nílùú rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe nígbà náà? Ohun mẹ́fà ni mo fẹ́ kí á mú dání.

Èkíní ni pé kí ọ̀rọ̀ aṣínà ti orísun tí ó dára wá. Linux ní orísun tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, tí a ń pè ní /dev/urandom, a sì ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ ohun tí yóò tún jáde. Ibẹ̀ ni kí á ti bù ú. Kí òṣìṣẹ́ má ṣe lo aago, kí ó má lo ọjọ́ ìbí, kí ó má sì lo ìṣirò tí òun fúnra rẹ̀ dá.

Èkejì ni pé kí á má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ ara àṣẹ. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, olùlò kan lè rí àṣẹ tí ẹlòmíràn ń lò lọ́wọ́. Ohun tí a bá sì tẹ̀ lè wà nínú ìwé ìrántí àṣẹ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí ìdí èyí ni chpasswd kì í ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lára àṣẹ. Inú ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ni ó ti ń gbà á.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí a ó gbà fi jíṣẹ́. Kí á má ṣe lẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ pátákó ìkéde, kí á má sì kó o fún olórí kíláàsì pé kí ó bá wa pín in. Ìwé tí a dì, tí a fi lé olúkúlùkù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ó bá fi káàdì rẹ̀ hàn, sàn ju èyí lọ. Bí ọwọ́ wa bá tó o, kí á má tilẹ̀ pín ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Kí á fi ìwé-ìpè tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i, kí òun fúnra rẹ̀ wá yan tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, kí á pa fáìlì tí a fi pín wọn run.

Ẹ̀kẹrin ni pé ohun tí ẹ̀rọ fún ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kìíní. Àṣẹ kan wà, chage, tí a lè fi sọ fún sáfà pé ọ̀rọ̀ aṣínà yìí ti gbó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti wọlé, kò ní rí nǹkan kan ṣe àfi bí ó bá kọ́kọ́ yan tirẹ̀. Bí ó bá ti yan èyí tí ó gùn tí ó sì dára, kí á fi í sílẹ̀. Láti 2017 ni àjọ NIST ti Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí á yé fi dandan mú ènìyàn yí i padà lóòrèkóòrè láìsí àmì pé àṣírí tú, nítorí pé nọ́ńbà kan ni púpọ̀ ènìyàn kàn ń fi kún ìparí ti àtijọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀rọ mọ ẹni tí ó ti wà nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ mẹ́wàá mìíràn yóò dé, òṣìṣẹ́ yóò sì tún pàṣẹ náà. Bí ẹ̀rọ kò bá kọ́kọ́ bèèrè bóyá orúkọ kan ti wà níbẹ̀, yóò yí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn 2,000 àkọ́kọ́ padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, kò sí ẹni tí yóò lè wọlé.

Ẹ̀kẹfà ni ọ̀nà àbájáde, èyí tí a sì máa ń gbàgbé jù lọ. Ẹni tí ó bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ̀rọ tí ó ṣílẹ̀kùn fún un náà tì í. Ṣùgbọ́n kí á mọ bí a ti ń tì í o. Bí a bá lo usermod láti ti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan, ẹni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ irú mìíràn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní SSH, ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé. Àkáǹtì náà lápapọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi òpin sí. Kí á sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà ìdánimọ̀. Sáfà kì í fi orúkọ mọ ẹni tí ó ni fáìlì. Nọ́ńbà ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá pa àkáǹtì kan rẹ́, tí fáìlì rẹ̀ kan sì kù síbì kan, tí a wá fi nọ́ńbà kan náà fún àlejò, àlejò náà ti di olówó ẹrù tí kò rù wá.

Ẹnì kan lè sọ pé wàhálà yìí pọ̀ jù, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ayé rọrùn ju èyí lọ. Òótọ́ ni wọn yóò gbàgbé. Kí ẹni tí ó bá gbàgbé wá pẹ̀lú káàdì rẹ̀, kí á fún un ní tuntun tí yóò lò lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì yan òmíràn. Kò sí ìdí tí òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó ti yàn tẹ́lẹ̀. Ní ti wàhálà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ yóò kọ àṣẹ wọ̀nyí. Ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹrù tí ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ lórí wa ni ó yẹ kí á fi àyè rẹ̀ ṣe ìṣọ́ra.

Ẹ wá bá mi wo ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Máàkì yí padà, ìwé-ìdánwò jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ̀rọ sì sọ pé láti inú àkáǹtì báyìí ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ni àkáǹtì dìde, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, orúkọ ìdílé mi ni ẹ fún mi bí ọ̀rọ̀ aṣínà, ta ni kò mọ̀ ọ́n?” Kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ? Bí ó bá jẹ́ òun ni ó ṣe é, ó ti bọ́. Bí kì í bá ṣe òun, tí wọ́n sì lé e lọ, wọ́n ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí lè ṣẹlẹ̀ sí. Olùkọ́ tí ó ní àkáǹtì náà wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ sáfà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn, òun ni gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ fura sí. Àìmọ̀ rẹ̀ ni ààbò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí a bá fún yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ rí i pé ti ẹnìkejì yín náà ni, ẹ má ṣe gbà á láìsọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè ibi tí ó ti wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni ẹ ó máa kọ àkójọ àṣẹ wọ̀nyí lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe làálàá náà tán, kí ó sì rí i dájú pé, nígbà tí ó bá parí, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan kù sí.